Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ: OJÚ ÀWỌ̀N NI Í YAN ẸJA



Ẹ̀kọ́ wa ti òní dá lórí àwọ̀n ẹja: bí a ṣe ń yan àwọ̀n, bí a ṣe ń dẹ ẹ́, àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ mú ìwé, ẹ mú lẹ́ẹ̀dì, ẹ mú ọ̀pá ìwọn tí àwọn ọmọ fi ń fa ìlà nílé ìwé. Ẹni tó bá ní àwọ̀n nílé, kó gé èyí tó ti gbó níbẹ̀ wá. A óò lò ó.

1. Ta ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún?

Ó wà fún apẹja tí ń dẹ àwọ̀n sínú ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué. Ó wà fún ẹni tí ń pẹja nínú odò Ouémé àti odò Okpara, ní agbègbè Ṣábẹ̀ àti Kétu. Ó wà fún àwọn ará wa ní Togo tí wọ́n ń pẹja nínú odò Mono. Ó tún wà fún ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ra ẹja, tí ẹ ń yan án, tí ẹ ń tà á lọ́jà. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni. Bí a bá ṣe ń lọ, ẹ óò rí i pé ohun tí ẹ̀yin mọ̀ nípa ẹja pọ̀ ju ti apẹja lọ níbì kan.

2. Kí ni àwọ̀n ń ṣe sí ẹja?

Àwọ̀n tí à ń sọ níbí ni àwọ̀n dídẹ, èyí tí í dúró nínú omi bí ògiri. Okùn òkè rẹ̀ ní ohun tí ń léfòó. Okùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní òjé. Ẹja kì í rí i dáadáa, pàápàá lálẹ́. Ó ń lọ ní tirẹ̀, ó sì ti orí bọ ojú àwọ̀n.

Ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀:

– Bí ẹja bá kéré ju ojú àwọ̀n lọ, gbogbo ara rẹ̀ á gba inú ojú náà kọjá. Ó ti lọ nìyẹn.

– Bí ẹja bá tóbi jù, orí rẹ̀ kò ní wọlé. Á fi orí sọ àwọ̀n, á sì padà sẹ́yìn.

– Bí ẹja bá ṣe déédéé, orí rẹ̀ á wọlé, ṣùgbọ́n ikùn rẹ̀ kò ní lè kọjá. Bó bá ní kí òun padà, okùn á há a lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tó fi ń mí. Ó di tiwa.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe apẹja ló ń yan ẹja nínú omi. Ojú àwọ̀n ni í yàn án. Ọjọ́ tí a ra àwọ̀n lọ́jà la ti yan ẹja tí a óò pa títí àwọ̀n náà yóò fi gbó. Nítorí náà, ọjọ́ ríra ni ọjọ́ ìrònú.

3. Bí a ṣe ń wọn ojú àwọ̀n

Àwọn kan ń fi ìka wọn ojú àwọ̀n. Wọ́n á ki ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á ní: «Ìka méjì ni» tàbí «Ìka mẹ́ta ni». Ṣùgbọ́n ìka ọmọdé kì í ṣe ìka àgbà. Ìka ẹni tó ta àwọ̀n kì í ṣe ìka ẹni tó rà á. Ọ̀pá ìwọn kì í yí padà, òun ni kí a lò.

Ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní kókó mẹ́rin àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọ̀n ọ́n:

– Ọ̀nà kìíní: láti kókó kan dé kókó tó tẹ̀ lé e. À ń pè é ní kókó sí kókó. Ẹ̀gbẹ́ kan péré ni a wọ̀n.

– Ọ̀nà kejì: a fa ojú àwọ̀n sí ọ̀tún àti sí òsì títí yóò fi pa dé, a wá wọ̀n ọ́n láti kókó ìbẹ̀rẹ̀ dé kókó ìparí. À ń pè é ní ti fífà. Ẹ̀gbẹ́ méjì ni a wọ̀n.

Nítorí náà, ti fífà jẹ́ ìlọ́po méjì ti kókó sí kókó. Bí kókó sí kókó bá jẹ́ sàǹtímítà 4, ti fífà á jẹ́ sàǹtímítà 8. Àwọ̀n kan náà ni, nọ́mbà rẹ̀ ló di méjì.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ìwọ̀n yín péye, ẹ má ṣe wọn ojú kan ṣoṣo. Ẹ fa ojú 10 tó tò tẹ̀ lé ara wọn, ẹ wọ̀n wọ́n lápapọ̀, kí ẹ sì pín in sí ọ̀nà 10. Bí ojú 10 bá jẹ́ sàǹtímítà 80, ojú kan jẹ́ sàǹtímítà 8 ní fífà. Ẹ tún pín 8 sí méjì: sàǹtímítà 4 ni, kókó sí kókó.

Lára àwọ̀n tuntun, mìlímítà ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ rántí pé mìlímítà 10 ló wà nínú sàǹtímítà 1. Mìlímítà 40 jẹ́ sàǹtímítà 4.

4. Ìfọ̀rọ̀wérọ̀: 40 wo ni?

(Kí ènìyàn mẹ́ta dìde láti kà á. Ọ̀kan á jẹ́ Àbúrò, ọ̀kan á jẹ́ Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan á jẹ́ Ìyá ẹlẹ́ja.)

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ti ọjà dé. Mo ti ra àwọ̀n. 40 ni, bíi ti yín.

Ẹ̀GBỌ́N: O kú oríire. Owó àjọ tí o gbà lóṣù yìí ni, àbí?

ÀBÚRÒ: Òun ni, ẹ̀gbọ́n. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó lé e.

Ẹ̀GBỌ́N: Mú un wá ká wò ó. Ìwọ ọmọ yìí, gbé ọ̀pá ìwọn rẹ wá. Fa ojú 10 dáadáa. Ó tó mélòó?

ÀBÚRÒ: Ó jẹ́ sàǹtímítà 40.

Ẹ̀GBỌ́N: Ojú kan ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Sàǹtímítà 4. Mìlímítà 40 nìyẹn. Ṣé ẹ rí i pé 40 ni?

Ẹ̀GBỌ́N: 40 ti fífà ni. Pín in sí méjì. Kókó sí kókó rẹ̀, mìlímítà 20 péré ni. Tèmi jẹ́ 40 láti kókó sí kókó. Ẹja tí tìrẹ máa mú, àwọn ọmọ tèmi ni.

ÀBÚRÒ: Háà! Ẹni tó tà á fún mi wá purọ́ nìyẹn?

Ẹ̀GBỌ́N: Kò purọ́. Òun ka ti fífà, ìwọ ka ti kókó sí kókó. Ìwọ ni o kò bi í léèrè pé: «40 wo ni?»

ÀBÚRÒ: Ṣé kí n má kàn lò ó bẹ́ẹ̀? Ẹja kékeré náà, ẹja ni. Ó sì pọ̀.

ÌYÁ ẸLẸ́JA: Ọmọ mi, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi ló ń yan ẹja yìí. Agbọ̀n ẹja wẹ́wẹ́ kan, igi tí mo fi ń yan án àti àsìkò tó ń gbà mí kò dín sí ti ẹja ńlá. Bí mo bá gbé e dé ọjà, àwọn oníbàárà á máa fi ọwọ́ rú u, wọ́n á ní egungun lásán ni. Owó tí wọ́n ń fún mi kò tó owó igi. Nígbà míì mo ń tà á fún ọ nítorí pé o jẹ́ ọmọ mi, kì í ṣe nítorí èrè.

Ẹ̀GBỌ́N: O gbọ́? Àwọ̀n náà kò tíì kan omi. Ká a dáadáa, kí o padà lọ bẹ ẹni tó tà á, kó pààrọ̀ rẹ̀ fún ọ. Mú ọ̀pá ìwọn lọ́wọ́.

ÀBÚRÒ: Mo gbọ́, ẹ̀gbọ́n. Ìyá, ẹ ṣeun. Mò ń lọ lọ́la.

5. Ojú wo ni ó yẹ kí a yàn?

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ará Kétu àti Ṣábẹ̀, ẹ mọ̀ pé a kì í jẹ èbù iṣu tán. Bí ebi ń pa wá, a óò fi èbù sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Ẹja náà ní èbù tirẹ̀: ẹja tí kò tíì yé ẹyin rí ni. Bí a bá pa á kó tó yé ẹyin, òun kúrò, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì ní wá mọ́. Ojú àwọ̀n tó dára ni èyí tí í jẹ́ kí ẹja yé ẹyin lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kí a tó mú un.

Báwo la ṣe máa mọ bí ẹja ṣe tóbi tó kó tó yé ẹyin? Ibí ni a ti nílò ẹ̀yin ìyá. Ẹ̀yin lẹ ń la ikùn ẹja. Ẹ̀yin lẹ ń rí ẹyin níbẹ̀. Ẹ ṣe báyìí fún oṣù kan: nígbàkúùgbà tí ẹ bá rí ẹyin nínú ẹja, ẹ fi ọ̀pá ìwọn wọn gígùn ẹja náà láti ẹnu dé òpin ìrù, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ irú ẹja náà pẹ̀lú. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ óò rí i fúnra yín: àwọn tó kéré báyìí kò ní ẹyin rárá, àwọn tó tó báyìí ní in. Ẹ bá ọkọ àti ọmọ yín jókòó lé ìwé yẹn lórí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú ẹja kan tó tóbi ju èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ sí yé ẹyin lọ díẹ̀. Irú ẹja yìí gan-an ni ẹ fẹ́ máa pa. Ẹ mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

– Ẹ yí okùn náà ká ẹja lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé ó jẹ́ sàǹtímítà 14.

– Ẹ yí okùn náà ká ibi tí ikùn ti tóbi jù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ká sọ pé ó jẹ́ sàǹtímítà 18.

Ojú àwọ̀n tí ẹ fẹ́ gbọ́dọ̀ gba ẹ̀rẹ̀kẹ́, kó má sì gba ikùn. Nítorí náà, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ lápapọ̀ gbọ́dọ̀ ju 14 lọ, kó má tó 18. Ẹ mú èyí tó wà láàárín: 16. Ẹ pín 16 sí ọ̀nà mẹ́rin: ó ku 4. Ẹ ra àwọ̀n tó jẹ́ sàǹtímítà 4 láti kókó sí kókó.

Okùn yìí dára fún epìyà àti fún gbogbo ẹja tí ara rẹ̀ fẹ̀, tí orí rẹ̀ kéré ju ikùn lọ. Àrọ̀ yàtọ̀: orí rẹ̀ le, ó sì fẹ̀. Ọ̀bọ̀kún náà yàtọ̀: ó ní ẹ̀gún lára, ẹ̀gún yẹn lè kọ́ àwọ̀n bí orí rẹ̀ kò tilẹ̀ wọlé. Bó bá jẹ́ àrọ̀ lẹ fẹ́ ní pàtàkì, ìwọ̀ tó ní ìdẹ dára jù fún un.

6. Ìṣirò: ẹja kékeré àti ẹja ńlá

Ẹ gbọ́ ohun kan tó yani lẹ́nu. Bí gígùn ẹja bá di ìlọ́po méjì, ìwọ̀n ara rẹ̀ kì í di ìlọ́po méjì. Ó máa ń súnmọ́ ìlọ́po mẹ́jọ! Ìdí ni pé kì í ṣe gígùn nìkan ló pọ̀ sí i: ìbú rẹ̀ pọ̀ sí i, nínípọn rẹ̀ náà pọ̀ sí i. 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 jẹ́ 8.

Epìyà tó gùn ní sàǹtímítà 10 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 20. Èyí tó gùn ní sàǹtímítà 20 wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 160.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Apẹja kan pa epìyà kékeré 50 lónìí.

50 lọ́nà gíráàmù 20 = gíráàmù 1000, èyí ni kílò 1.

Ká ní ó fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n dàgbà. Gbogbo wọn kò ní yè. Ẹyẹ á jẹ nínú wọn, ẹja ńlá á jẹ nínú wọn, àìsàn á pa díẹ̀. Ká sọ pé 30 kú, ó ku 20 péré.

20 lọ́nà gíráàmù 160 = gíráàmù 3200, èyí ni kílò 3 àti gíráàmù 200.

Ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ, a kò sì tíì ka ọmọ tí àwọn 20 wọ̀nyí ti bí sínú omi. Epìyà dúdú àgbọ̀n tó wọ́pọ̀ nínú ọ̀sà wa, akọ rẹ̀ ló ń gbé ẹyin àti ọmọ sẹ́nu títí wọn yóò fi lè dá lúwẹ̀ẹ́. Bí akọ náà bá ṣe tóbi tó ni ẹnu rẹ̀ ṣe ń gba ọmọ tó. Ẹni tó bá ń pa àwọn akọ kékeré ń dín ilé ọmọ kù.

Òtítọ́ kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ẹni tó bá kúrò lórí ojú kékeré bọ́ sí ojú ńlá, ẹja rẹ̀ á kọ́kọ́ dín kù. Oṣù àkọ́kọ́ á le. Bó bá jẹ́ òun nìkan ló ṣe é, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń fi ojú kékeré pa gbogbo rẹ̀, òun nìkan ló máa jìyà. Nítorí èyí, ọ̀rọ̀ ojú àwọ̀n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ gbogbo etí omi ni. Kí gbogbo apẹja pé jọ, kí wọ́n fẹnu kò, kí wọ́n yan ọjọ́ kan tí gbogbo wọn yóò yí padà.

7. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Victoria

Àwọn kan á ní: «Omi kì í gbẹ ẹja. Ọlọ́run ló ń fi í síbẹ̀.» Ẹ jẹ́ ká wo ibì kan tí ojú àwọ̀n ti yí ohun gbogbo padà.

Ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, adágún ńlá kan wà láàárín Uganda, Kenya àti Tanzania. Adágún Victoria lorúkọ rẹ̀. Irú epìyà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ngege, àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Láyé àtijọ́, agbọ̀n àti ọgbà tí wọ́n fi koríko etí omi hun ni wọ́n fi ń pa á. Ní nǹkan bí ọdún 1905, àwọn òyìnbó mú àwọ̀n dídẹ wá. Ẹja pọ̀ nínú àwọ̀n náà ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹja tí àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ń mú bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Ní ọdún 1927 sí 1928, ọ̀gbẹ́ni Michael Graham wá yẹ adágún náà wò. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má lo àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré ju mìlímítà 127 ní fífà lọ. Ìjọba sì sọ ọ́ di òfin. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn ọdún 1950, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òfin náà kúrò. Àwọn apẹja rí i pé ojú kékeré ń mú ẹja tí ojú ńlá ń fi sílẹ̀, wọ́n sáré sí i. Bí ẹja kékeré náà ṣe ń dín kù, wọ́n tún lọ sí ojú tó kéré jù bẹ́ẹ̀. Ngege fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú adágún náà. Lẹ́yìn náà, ẹja ńlá kan tí í jẹ ẹja mìíràn, tí àwọn ènìyàn fi sínú adágún náà, tún wá jẹ púpọ̀ nínú èyí tó kù.

Kì í ṣe àwọ̀n nìkan ló fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n gbà: ẹja dín kù, wọ́n dín ojú àwọ̀n kù, ẹja tún dín kù, wọ́n tún dín ojú àwọ̀n kù. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn, ó ṣòro fún un láti gòkè padà.

8. Òwú, okùn, ohun ìléfòó àti òjé

Ojú nìkan kọ́ la ń wò nígbà tí a bá ń ra àwọ̀n.

Òwú: òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ bíi dígí kì í hàn sí ẹja, ó ń mú ẹja dáadáa, ṣùgbọ́n ó tètè ń já. Òwú tí wọ́n lọ́ pọ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ń pẹ́, ó sì ṣeé tún hun. Níbi tí igi àti gbòǹgbò bá pọ̀ sí, ẹ lo èyí tó le.

Síso àwọ̀n mọ́ okùn: bí aṣọ àwọ̀n bá gùn ní mítà 100 nígbà tí a fà á, ọ̀pọ̀ apẹja ń so ó mọ́ okùn mítà 50. Ìdajì nìyẹn. Báyìí ni ojú rẹ̀ á ṣe là nínú omi. Bí ẹ bá fà á le jù, ẹja á fi orí sọ ọ́, á padà. Bí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, àwọ̀n á wé mọ́ gbogbo ohun tó bá kàn án, ẹja kékeré àti ńlá, ojú tí ẹ fara balẹ̀ yàn kò ní wúlò mọ́. Ẹ óò sì jókòó títí ọ̀sán láti tú ẹja kúrò.

Ohun ìléfòó àti òjé: bí agbára ohun ìléfòó bá ju ti òjé lọ, àwọ̀n á dúró lókè omi. Bí òjé bá jù, àwọ̀n á lọ sísàlẹ̀. Ẹja tí ń jẹun ní ìsàlẹ̀ omi, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ dẹ àwọ̀n sí: kí òjé jù, kí ohun ìléfòó tó láti mú okùn òkè dìde nìkan. Ẹ so mítà kan tàbí méjì lákọ̀ọ́kọ́, kí ẹ dán an wò létí omi tí kò jìn. Bó bá dúró ṣánṣán bí ògiri, ẹ máa báṣẹ́ lọ. Bó bá dùbúlẹ̀, ẹ fi ohun ìléfòó kún un.

9. Dídẹ àwọ̀n

– Ẹ dẹ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ kó o ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Omi wa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹja tó bá kú sínú àwọ̀n láti òru títí di ọ̀sán ti ń bàjẹ́.

– Ẹ fi òpó tàbí òkúta ńlá so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́lẹ̀. Ẹ fi àmì sí i lókè omi, kí ọkọ̀ má bàa gbá a lọ. Òwú ìgbàlódé kì í jẹrà bí òwú àtijọ́. Àwọ̀n tó bá sọnù sínú omi á ṣì máa pa ẹja, ẹnikẹ́ni kò sì ní jẹ ẹ́.

– Ẹ má ṣe dẹ àwọ̀n láti etí odò dé etí odò kejì. Ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹja àti fún ọkọ̀.

– Ẹ kíyè sí àsìkò. Òjò tó rọ̀ lápá òkè ní í mú kí Ouémé kún. Oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ni omi í kún jù ní ìsàlẹ̀ odò. Nígbà tí omi bá ń gun orí koríko, àrọ̀ ń wọ ibẹ̀ lọ yé ẹyin. Ẹ má ṣe fi àwọ̀n dí ẹnu ọ̀nà náà nígbà tí wọ́n ń wọlé. Nígbà tí omi bá ń fà, tí ẹja ń padà, àsìkò ìpẹja dé nìyẹn.

10. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ lò

Àwọ̀n ẹ̀fọn: wọ́n ń fún wa ní àwọ̀n yìí kí a lè sùn sábẹ́ rẹ̀, kí ibà má bàa pa ọmọ wa. Ẹni tó bá fi í pẹja, ó fi ibà sílé, ó sì pa ọmọ ẹja lódò. Ojú rẹ̀ kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn lára rẹ̀ tún burú púpọ̀ fún ẹja.

Májèlé: ẹni tó bá da májèlé sómi ń pa ẹja, ẹyin ẹja, àti ènìyàn tó bá mu omi náà. Ní Benin, òfin nọ́mbà 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014 ni òfin ìpẹja. Ó kọ̀ fún wa láti fi májèlé tàbí ohun tí ń bú gbàù pa ẹja. Kí ẹ tó ra àwọ̀n, ẹ lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja ní àdúgbò yín, kí ẹ bi í léèrè ojú àwọ̀n tí òfin gbà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ bi í pé: «Ti fífà ni, àbí kókó sí kókó?»

11. Ìtọ́jú àwọ̀n

Ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án, pàápàá bí ẹ bá ti dẹ ẹ́ sínú omi oníyọ̀. Ẹ yọ koríko àti ìpẹ́ ẹja kúrò. Ẹ sá a sábẹ́ ibòji, ẹ má ṣe sá a sínú oòrùn, nítorí oòrùn ní í jẹ òwú náà. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí eku. Ẹ tún ibi tó bá ya hun lọ́jọ́ náà gan-an. Ihò kékeré lónìí, ihò ńlá lọ́la.

12. Ohun tí a óò rántí

– Ojú àwọ̀n ni í yan ẹja.
– Ti fífà jẹ́ ìlọ́po méjì ti kókó sí kókó. Ẹ máa bèèrè, ẹ máa fi ọ̀pá ìwọn wọ̀n ọ́n kí ẹ tó sanwó.
– Ẹ jẹ́ kí ẹja yé ẹyin kí ẹ tó pa á.
– Ẹ jọ fẹnu kò. Ẹnì kan kò lè dá tọ́jú omi.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká mọ̀

Kókó: ibi tí wọ́n ti so òwú pọ̀ lára àwọ̀n.
Òjé: irin rírọ̀ tó wúwo, tí à ń so mọ́ okùn ìsàlẹ̀.
Ohun ìléfòó: ohun fúyẹ́ tí kì í rì, tí à ń so mọ́ okùn òkè.
Èbù: iṣu tí a fi pamọ́ fún gbígbìn.

Ìbéèrè

1. Kí ló dé tí ẹja tó tóbi jù kì í há sínú ojú àwọ̀n kékeré?
2. Kí ni Àbúrò kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ta àwọ̀n fún un?
3. Kí ni ẹ̀yin ìyá lè ṣe kí a lè mọ ìgbà tí ẹja ń yé ẹyin?
4. Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ngege? Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n.

Ìṣirò

1. Ojú àwọ̀n 10 jẹ́ sàǹtímítà 60 ní fífà. Mélòó ni ojú kan láti kókó sí kókó?
2. Mìlímítà 127 ni ojú àwọ̀n kan ní fífà. Mélòó ni láti kókó sí kókó?
3. Okùn yí ẹja ká ní sàǹtímítà 11 lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, àti sàǹtímítà 13 ní ikùn. Ojú wo ni kí a rà, láti kókó sí kókó?
4. Ẹ fẹ́ so aṣọ àwọ̀n mítà 80 mọ́ okùn ní ìdajì. Okùn mítà mélòó ni ẹ óò rà fún òkè àti fún ìsàlẹ̀ lápapọ̀?

(Ìdáhùn: 1. sàǹtímítà 3. 2. mìlímítà 63 àti ààbọ̀. 3. sàǹtímítà 3. 4. mítà 80.)

Ìjíròrò

Nínú abúlé yín, ṣé ẹja tí ẹ ń rí báyìí tóbi tó èyí tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé? Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí olúkúlùkù fi ọ̀pá ìwọn wọn àwọ̀n tó mú wá, kó kọ nọ́mbà rẹ̀ sára pátákó. Ẹ wo gbogbo nọ́mbà náà pọ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí gbogbo etí omi yín máa lò.